George Michael, Ìyá Mi àti Bíbo Àṣírí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi. Lọ́ndọ̀nù ni mo ti máa ń bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lónìí, yàrá ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n, nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ni mo jókòó sí. Ọyẹ́ ti mú, eruku ti bo ojú fèrèsé, bí ẹ bá sì ń gbọ́ igbe ewúrẹ́ àti ariwo ọ̀kadà lábẹ́ ohùn mi, ẹ bá mi fara dà á.

Lánàá, bí mo ṣe ń gba Tákìé kọjá, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta káàdì ìpè gbé orin Kérésì kan sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "Last Christmas". Ó ń kọ ọ́ tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣi ọ̀rọ̀ kankan pè. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ni orin náà. Ó ní, "Òyìnbó kan ni, mà." Òyìnbó yẹn, George Michael, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìwé kan tí mo rí nínú àpótí ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n yéé ronú nípa rẹ̀.

Georgios Kyriacos Panayiotou ni orúkọ àbísọ rẹ̀, orúkọ tó gùn tó tiwa. Lọ́ndọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1963. Ará erékùṣù Kípírọ́sì ni bàbá rẹ̀, àtìpó tó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì fi iṣẹ́ ilé oúnjẹ tọ́ ọmọ. Ní 1981, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, Andrew Ridgeley, dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Wham!, orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n gbé orin Kérésì yẹn jáde, wọ́n sì yọ̀ǹda owó tó pa fún àwọn tí ìyàn ń pa ní Ẹtiópíà. Ní àkókò kan náà, George Michael wà lára àwọn olórin tí wọ́n kóra jọ láti kọ orin mìíràn nítorí ìyàn yẹn, orin àjùmọ̀kọ náà ló sì gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí tirẹ̀ fi wà ní ipò kejì. Ohùn tirẹ̀ náà wà nínú orin tó dí orin rẹ̀ lọ́nà. Oṣù Kìíní ọdún 2021 ni "Last Christmas" ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò kìíní níbẹ̀, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú láti ọdún mẹ́rin.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1986, níwájú nǹkan bí 72,000 ènìyàn ní pápá ìṣeré Wembley, Wham! dágbére fún àwọn olólùfẹ́ wọn, George Michael sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin. Àwo orin àkọ́kọ́ tí ó dá gbé jáde ní 1987, "Faith", òun fúnra rẹ̀ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun náà ló sì darí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Orin mẹ́rin láti inú àwo kan ṣoṣo yẹn ló dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta á ju mílíọ̀nù 20 lọ, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo orin tó tayọ jù lọ ní 1989. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá di ojú tí ayé mọ̀ jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́. Ní 1990, àwo orin kejì rẹ̀ jáde, àwòrán ogunlọ́gọ̀ ènìyàn etí òkun ló sì wà níwájú páálí rẹ̀, kì í ṣe àwòrán olórin. Nínú fídíò "Freedom! '90", àwọn arẹwà obìnrin tó ń polówó aṣọ ló ń la ẹnu bí ẹni pé àwọn ló ń kọrin, ẹ kò sì ní rí òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ó pe Sony, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde, lẹ́jọ́ lórí àdéhùn rẹ̀, ó sì pàdánù ní 1994. Àwọn ènìyàn sọ pé ìgbéraga ni. Ní tèmi, ọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin kí wọ́n sì gbàgbé ojú ni mo rí níbẹ̀, mo sì gbà pé ìwà kan náà ló fi ń tọrẹ.

Ìgbà tó kú, ní ọjọ́ Kérésì ọdún 2016, ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Esther Rantzen, ẹni tó dá Childline sílẹ̀, èyí tí í ṣe nọ́mbà tẹlifóònù tí àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ lè pè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé olórin náà ti fún àwọn ní owó tó tó mílíọ̀nù mélòó kan láti ọ̀pọ̀ ọdún, tí owó orin "Jesus to a Child" wà lára rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Obìnrin kan ti sọ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan pé òun nílò 15,000 pọ́n-ùn fún ìtọ́jú kí òun lè lóyún. Ní ọjọ́ kejì, George Michael tẹ ètò náà láago ní ìkọ̀kọ̀, ó sì san án. Ẹlòmíràn sọ pé ó máa ń wá ṣiṣẹ́ láìgba owó níbi tí àwọn ti ń tọ́jú àwọn aláìnílé, tó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nínú èdè wa, bí ẹnìkan bá ràn wá lọ́wọ́ nínú àìní, a ó ní ó bo àṣírí wa. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń gbàdúrà. Kì í ṣe owó nìkan ni àwọn baba wa rí nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí aṣọ tí a dà bo ẹni tó wà níhòòhò. Bí ẹnìkan bá wá fún mi ní aṣọ, tó sì pe gbogbo àdúgbò kí wọ́n wá wò mí bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́, kí ló bò?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 1999, nígbà tí mo wà ní kíláàsì àṣekágbá nínú ìlú yìí, ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ san owó ìdánwò fún àwa ọmọ mẹ́wàá. Wọ́n tò wá sí iwájú èrò, wọ́n ní kí a di sọ̀wédowó onípáálí mú fún àwòrán, alága ìjókòó sì fi gbohùngbohùn ka ìdí tí wọ́n fi yan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní bàbá mi ti kú, ó ní ìyá mi kò lè san án. Màámi wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú gèlè tí ó fi gbogbo òwúrọ̀ wé. Nígbà tí a ń lọ sílé, "Wọ́n ṣeun" nìkan ni ó sọ. Owó náà wúlò fún mi, mo di nọ́ọ̀sì, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ n kò tíì lè wo àwòrán yẹn títí di òní.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń sọ pé bí a kò bá kéde ọrẹ, àwọn yòókù kò ní kọ́ bí a ṣe ń fúnni. Òótọ́ wà níbẹ̀. George Michael fúnra rẹ̀ kọrin pẹ̀lú Elton John, olórin Gẹ̀ẹ́sì, ní Live Aid, eré orin ńlá tí wọ́n fi kó owó jọ nítorí ìyàn Ẹtiópíà, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1985, níwájú gbogbo ayé, nítorí pé ìyàn tó ń pa odidi orílẹ̀-èdè kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè dá bò ní kọ̀rọ̀. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń ronú nípa àwọn ọmọ Ẹtiópíà tí wọ́n ń fi egungun ìhà wọn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, tí a kò mọ orúkọ wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ó tún ṣeré ọ̀fẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní Roundhouse, gbọ̀ngàn eré kan ní Camden, ní Lọ́ndọ̀nù, láti fi ìmoore hàn fún ìtọ́jú tí wọ́n fún ìyá rẹ̀, Lesley, ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ pa ní 1997. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ wà níbẹ̀, ó sì ṣì ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Èyí kò yẹ ní bíbò, nítorí pé ọpẹ́ ni, gbangba ni a sì ti ń dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwé inú àpótí. Láfún àti ẹ̀lùbọ́ ni màámi ń tà. Ní ìdájí, kí ọjà tó kún, àwọn obìnrin kan máa ń wá, yóò wọn láfún fún wọn, yóò sì mú ìwé gbèsè, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, wọn yóò sì lọ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Èmi àti àbúrò mi ṣí ìwé náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ló kún fún orúkọ àti iye, kò sì sí ìlà kankan lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó fi hàn pé wọ́n san án. Kò sì béèrè rí. Èmi tí mo máa ń dúró tì í ní ìdájí, mo rò pé ọjà àwìn ni.

Àbúrò mi fẹ́ kí a tọ́jú ìwé náà fún ìrántí, kí àwọn ọmọ wa lè mọ irú ẹni tí ìyá wọn àgbà jẹ́. Mo sọ fún un pé orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa láti tọ́jú, àti pé àwọn kan nínú wọn ṣì ń gba iwájú ilé yìí kọjá lọ sí ọjà. A sọ̀rọ̀ náà títí di òru. Láàárọ̀ yìí, ó dá iná sí àdògán màámi, a ya ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, a sì fi ìyókù sínú iná.