Ìkọ́ Irin Kan Já, Owó Ìpín PG&E Bá A Já

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti mọ ohun tí ìpín ìdókòwò jẹ́, ìyẹn ìdá kékeré nínú ilé-iṣẹ́ kan téèyàn lè rà, ẹ jẹ́ ká lọ tààrà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ November 2018, ìpín kan nínú PG&E, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní àríwá California, ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 47. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti bọ́ sísàlẹ̀ dọ́là 20!

Kí ló dé? Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù yẹn, ìkọ́ irin kan tó gbé wáyà wọn rọ̀ sórí òpó já. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lórí òpó náà, irin ti jẹ irin títí ó fi ku bíńtín. Wáyà gbá òpó, ó ṣẹ́ná, irin yíyọ́ ń kán sínú koríko gbígbẹ, atẹ́gùn sì ń fẹ́ kíkankíkan. Iná run ìlú Paradise, èèyàn 85 kú.

Ibí yìí gan-an lẹ ti máa ń ṣì í gbọ́. Ẹ rò pé òpó àti wáyà tó jóná ló fa owó ìpín wálẹ̀. Rárá o! Èló ni òpó? Ohun tí ọjà ń wò ni GBÈSÈ TÓ Ń BỌ̀, àti ẹni tó máa san án. Òfin California lè mú kí ilé-iṣẹ́ iná san gbogbo ohun tí iná wáyà rẹ̀ bá bà jẹ́, kódà bí kò bá ṣàìbìkítà. Ẹ tún un gbọ́: KÓDÀ BÍ KÒ BÁ ṢÀÌBÌKÍTÀ.

Ìyá mi máa ń ra ọsàn lórí igi, mo sì fẹ́ràn láti máa wò ó. Kó tó dá owó, á yí igi po, á wo òdòdó, á wo ẹ̀ka tí àfòmọ́ ti gùn. Ọsàn kankan ò tíì pọ́n, ṣùgbọ́n owó tó máa san ti ń wálẹ̀. Ohun tí igi máa so lọ́la ló ń rà. Bí wọ́n ṣe ń ra ìpín náà nìyẹn.

Ẹ̀rí rèé, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀! Ní ọjọ́ 15 oṣù November yẹn, Michael Picker, tó jẹ́ olórí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní California, sọ ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé òun ò fẹ́ kí PG&E wọko gbèsè. Lọ́jọ́ kejì, owó ìpín ró sókè ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Iná ṣì ń jó o! Wọ́n ṣì ń wá òkú nínú eérú Paradise. Èrò àwọn èèyàn nípa ẹni tó máa sanwó nìkan ló yí padà.

Ìrètí yẹn ò tọ́jọ́. Ní January 2019, PG&E kéde pé òun ń lọ sílé ẹjọ́ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ lówó, ìpín náà sì já ju ìdajì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní gbèsè tí àwọn iná tó jó ní 2017 àti 2018 fà lè ju bílíọ̀nù 30 dọ́là lọ.

Ojú ọjọ́ wá ńkọ́? Òun ló ń sọ àṣìṣe kékeré di gbèsè ńlá. Kí ìkọ́ já nígbà tí koríko tutù, owó àtúnṣe wáyà ni. Kí ìkọ́ kan náà já lásìkò ọ̀dá, bílíọ̀nù dọ́là ni. Ooru tó ń pọ̀ sí i sì ń mú kí koríko gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn olùdókòwò ti mọ̀ ọ́n báyìí. Nígbà tí iná Eaton jó Altadena lẹ́bàá Los Angeles ní January 2025, ìpín Edison International, ilé-iṣẹ́ tó ni ilé-iṣẹ́ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì àgbègbè náà, bẹ̀rẹ̀ sí í já kíá, kí ẹnikẹ́ni tó fìdí ohun tó dá iná sílẹ̀ múlẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣí ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ kan, ẹ fo àwọn àwòrán igi tútù yẹn, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ ewu àti ẹjọ́ sí, kí ẹ wò ó: èló ni adójútòfò máa gbé, ta ló sì máa san ìyókù?