Òǹtẹ̀ Ọkọ̀ Gold Star: Bí Lẹ́tà Ṣe Ń Tú Àṣírí Ìrìn Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kó sítáǹbù jọ, orí sítáǹbù ni ojú wa kọ́kọ́ máa ń balẹ̀ sí. Lónìí, mo bẹ̀ yín, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Lára àpòòwé tó ti inú ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wá láàárín ọdún 1932 sí 1941, sítáǹbù elésè àlùkò oní-sẹ́ńtì mẹ́ta ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ bí eṣú. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù lé e lórí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọkọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe èyí tó gbé ìbọn ńláńlá. Akẹ́rù ni. Wilmington ní ìpínlẹ̀ Delaware ni wọ́n ti kàn án ní 1920, Arcturus sì ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi gbà á ní 1921, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Gold Star, ó sì wọ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1922. Láti 1924 ni wọ́n ti fi í sí Guam, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà nínú òkun Pàsífíìkì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lógo kankan: ó ń kó èédú, oúnjẹ àti àgbọn gbígbẹ, ó ń lọ sí Japan, China àti Philippines, ó ń padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Chamorro, àwọn onílé Guam gan-an. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Goldie Maru, nítorí “maru” ni àwọn ará Japan máa ń so mọ́ orúkọ ọkọ̀ oníṣòwò wọn. Lójú tèmi, ẹ̀fẹ̀ náà bá a mu ju orúkọ tí ìjọba fún un lọ.

Báwo ni òǹtẹ̀ ṣe dé inú ọkọ̀? Òfin 1908 ló gbà kí ilé ìfìwéránṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì yan ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ ṣe akọ̀wé rẹ̀. Òun ló ń ta sítáǹbù, òun ló ń lu òǹtẹ̀, òun náà ló ń forúkọ lẹ́tà pàtàkì sílẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ nìyí: bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Kobe tàbí Shanghai, owó sítáǹbù abẹ́lé Amẹ́ríkà náà ni atukọ̀ ń san. Sẹ́ńtì mẹ́ta ni lẹ́tà fi ń sọdá òkun Pàsífíìkì, bí ẹni ń kọ̀wé sí àdúgbò kejì.

Ó kan òǹtẹ̀ wàyí. Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀: róbótó kan wà lọ́wọ́ òsì, orúkọ ọkọ̀ yí i ká, déètì wà láàárín. Ìlà gbọọrọ mélòó kan wà lápá ọ̀tún tó ń pa ojú sítáǹbù. Nínú oríṣi kan, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àwọn ìlà yẹn kí akọ̀wé lè to lẹ́tà kéékèèké sí i, kí ó fi sọ ibi tí ọkọ̀ wà lọ́jọ́ náà. Dókítà Francis Locy ló to àwọn oríṣi òǹtẹ̀ wọ̀nyí sí ẹ̀ka-ẹ̀ka pẹ̀lú nọ́ńbà, nọ́ńbà rẹ̀ náà sì ni Universal Ship Cancellation Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó òǹtẹ̀ ọkọ̀ jọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, ṣì ń lò. Bí akọ̀wé bá ń to orúkọ èbúté síbẹ̀ dáadáa, téèyàn sì rí àpòòwé bí ogún kó jọ, ó lè fi wọ́n tọ ipa ọkọ̀ láti èbúté dé èbúté. Bí akọ̀wé bá jẹ́ ọ̀lẹ, àlàfo yóò ṣófo, tàbí kí orúkọ èbúté àná ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Ẹ má fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ wà níbi tí òǹtẹ̀ ń wí, àfi tí déètì bá gbè é lẹ́yìn.

Àwòrán aláràbarà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sápá òsì àpòòwé ńkọ́? Ó rẹwà, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó o jọ nílé ló ṣètò ọ̀pọ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ọkọ̀ kí ó bá wọn lu òǹtẹ̀ sí i, kí ó dá a padà. Àpòòwé pẹlẹbẹ tí atukọ̀ fi kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ni èmi yóò fowó mi rà.

Kí n tó gbàgbé, ẹrù lẹ́tà tún yàtọ̀ sí òǹtẹ̀ lẹ́tà. Kí ọkọ̀ òfuurufú China Clipper tó gba Guam kọjá ní oṣù Kọkànlá 1935, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé lẹ́tà wọ erékùṣù náà. Àpò lẹ́tà tí ọkọ̀ kàn bá wọn gbé kì í gba òǹtẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbà á. Nítorí náà, ohun tí Gold Star gbé pọ̀ ju ohun tí òǹtẹ̀ rẹ̀ lè fi hàn wá lọ.

Ní oṣù Kejìlá 1941, nígbà tí Japan kọlu Amẹ́ríkà, Malangas ní Philippines ni ọkọ̀ náà wà, ó ń kó èédú tó yẹ kí ó gbé lọ sí Guam. Kò gbé e dé ibẹ̀. Guam bọ́ sọ́wọ́ Japan ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Wọ́n yọ orúkọ ọkọ̀ kúrò nínú òǹtẹ̀, ó wá ku “U.S. NAVY” lásán. Láti 1942, sítáǹbù gan-an di àwátì lára ọ̀pọ̀ lẹ́tà ológun, wọ́n kàn ń kọ “Free” sí igun òkè, ọ̀gá kan a sì tẹ òǹtẹ̀ àyẹ̀wò sí i. Àdírẹ́sì tirẹ̀ tí atukọ̀ fọwọ́ kọ sára àpòòwé ni yóò sọ ọkọ̀ tó ti wá.

Àwọn ọmọ Chamorro inú ọkọ̀ yẹn, ilé wọn ni Japan gbà, títí di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Keje 1944 tí Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀ padà síbẹ̀. Bí ẹ bá rí àpòòwé Gold Star tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí Agaña, olú ìlú Guam, déètì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.