"A dúpẹ́" tí mo kọ sínú fáìlì: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Àgbádárìgì

Ẹ kú ìjókòó o. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé kò lè tó mi.

Ìyá àgbà kan wá sọ́dọ̀ mi nítorí orúnkún. Mo kí wọn: "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ara ńkọ́?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara ti ń yá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń kọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọ tó sìn wọ́n wá tó là á fún mi pé màmá ò lè lóṣòó nídìí ààrò yan ẹja mọ́, pé tí wọ́n bá lọ sí ṣáláńgá, àfi kí ẹnì kan fà wọ́n dìde. Ṣé màmá purọ́ ni? Rárá o. Mo fi ìkíni bi wọ́n, wọ́n fi ìkíni dá mi lóhùn. Ọmọlúàbí wo ni yóò máa ka ìrora rẹ̀ fún ẹni tó kí i láàárọ̀?

Ìdí tí mo fi ń pariwo ìwé ìbéèrè tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń dáhùn nìyẹn. Ẹ mọ EQ-5D, ọ̀kan lára irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀, n ò ní í tún un kọ́ yín: ìrìn, ìtọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì, kó tó wá kan òṣùwọ̀n láti 0 dé 100 tí aláìsàn á fi sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ní Ẹ́ńgílándì, láti 2009 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ orúnkún nírú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ní fọ́tò X-ray ti tó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Eegun inú fọ́tò yẹn, ṣé ó sọ fún yín bóyá ẹni tó ni ín rí oorun sùn lánàá?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti ràn káàkiri ara máa fi kọ̀ǹpútà ròyìn ohun tó ń ṣe wọ́n. Tó bá le sí i, nọ́ọ̀sì á gbọ́. Àbájáde jáde ní 2017, ènìyàn 766. Ìdajì àwọn tó ń ròyìn ló lò ju oṣù 31 lọ láyé. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n tọ́jú bí ìṣe àtẹ̀yìnwá, oṣù 26 ni. Kò sóògùn tuntun kankan níbẹ̀ o. Wọ́n bi wọ́n léèrè ni.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè wo? SF-36, ìwé ìbéèrè ìlera mìíràn láti òkè òkun, ń béèrè bóyá o lè gbá gọ́ọ̀fù. Ta ló ń gbá gọ́ọ̀fù ní Màrínà tiwa níbí? Àwọn ará Ìbàdàn ti ṣe ìwé ìbéèrè tiwọn fún orúnkún àti ìbàdí (èmi kọ́ ni mo so ìbàdí mọ́ Ìbàdàn). Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣàlàyé títúmọ̀ sí Yorùbá, bí ẹlòmíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ ṣe gbọ́dọ̀ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ni nọ́ọ̀sì kan dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń sọ Yorùbá látàárọ̀. Ògù ni wá, ẹ̀yin lẹ ń pè wá ní Ègùn. Yorùbá tí ìyá mi gbọ́ ò ju ti ọjà lọ. Ìwé tiwọn dà?"

Mo ní ọmọ wọn lè bá wọn kà á. Ó ní, "Ọmọkùnrin ni mí. Ṣé èmi ni wọ́n máa sọ fún pé ìtọ̀ ń já bọ́ lára wọn?"

Gbogbo ilé pariwo. Ó mú mi. Ohun tí ọmọ bá sọ, ìròyìn ọmọ ni, bó ti wù kó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó.

Aago ti lọ nígbà náà. Apá ìwádìí tí mo kó wá, mo sáré kà á: ẹ bi wọ́n kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má pààrọ̀ ìbéèrè láàárín ọ̀nà, ẹ wá àwọn tí kò padà wá, torí ó lè jẹ́ àwọn ni ara wọn le jù.

Lẹ́yìn ìpàdé, nọ́ọ̀sì náà àti àwọn méjì mìíràn fà mí sábẹ́ igi. Ìbéèrè àkọ́kọ́, ti ìrìn, la fẹ́ fi dánra wò lédè Ògù. Wákàtí kan kọjá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń bára wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, èmi ń mu omi.