Ẹ̀tù, Oúnjẹ àti Ọ̀nà: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Lórí Ogun Kírìjí

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá gbọ́ ìtàn ní Àkúrẹ́ níbí. Ibi yòówù kí a ti sọ̀rọ̀ ogun Kírìjí, èyí tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, ìbéèrè méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde: ta ló láyà jù, oògùn ta ló sì jẹ́ jù? Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n akọni tí ẹ̀tù rẹ̀ bá rin kò lè yìnbọn, ọmọ ogun tí kò sì jẹun kò lè dúró. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa fojú sí ni ọ̀nà: ibo ni ẹ̀tù ń gbà wọlé, ta ló sì lè dí ibẹ̀?

Ẹnìkan béèrè pé, "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínlógún jà?" Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ni wọn kò tú ká títí di 1893. Ní 1878, Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi jẹ ọba lé wọn lórí, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ìbọn ń dún. Ìbàdàn dó sí apá Igbájọ. Èkìtìparapọ̀, lábẹ́ Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà, dó sí apá Ìmẹ̀sí-Ilé. Àfonífojì wà láàárín wọn. Nígbà tó yá, ibùdó di ìlú. Wọ́n mọ ilé alámọ̀, wọ́n dá oko, wọ́n ná ọjà, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Bí òjò bá ti dé, ìjà á rọlẹ̀, nítorí pé ẹ̀tù kì í gbaná nínú òjò, ilẹ̀ sì ń retí ọkọ́.

Oúnjẹ kò le lóye: iṣu, àgbàdo àti èlùbọ́ ni, àwọn obìnrin ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn kì í béèrè ni ta ló ń sanwó ẹ̀tù. Àwín ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, wà lára àwọn tó ti ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn olórí ogun kí ogun yìí tó bẹ̀rẹ̀. Bí ogun bá mẹ́rù bọ̀, wọ́n á san án. Bí kò bá mú nǹkan bọ̀, gbèsè dúró, ìjà sì dé láàárín ìlú.

Ìbéèrè tó wù mí jù ni èyí tí ọ̀dọ́ kan béèrè: "Báwo ni ṣakabùlà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí kì í fi í dún nígbà mìíràn?"

Ṣakabùlà ni ìbọn tí a ń ti ẹnu kì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kì í. A ó gbé ìdí ìbọn kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ á dojú kọ òkè. A ó da ìwọ̀n ẹ̀tù sí i. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ṣọ́jà Òyìnbó máa ń jẹ bíi gíráàmù 7 sí 11. Lẹ́yìn náà, a ó fi àkísà tàbí èèpo igi rírọ̀ dí i, a ó fi ọ̀pá gún un kí ó kì dáadáa. Ọta ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ àkísà mìíràn, kí ọta má baà yí jáde bí a bá tẹ ẹnu ìbọn sísàlẹ̀. Ní ìkẹyìn, a ó bu ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó sì fa òòlù tó di akọ òkúta mú sẹ́yìn. Bí a bá fi ìka yìn ín, òkúta á gbá irin, iná á ta sínú àwo, á gba ihò tóóró kan wọ inú ìbọn.

Gbogbo ibẹ̀ ló lè bàjẹ́. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀tù ni iyọ̀ tí a ń pè ní saltpetre, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Bí iyọ̀ náà kò bá mọ́, á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ̀tù á wà nínú àgbá, kò ní í gbaná. Akọ òkúta á kújú. Èéfín á dí ihò tóóró náà, iná á tàn nínú àwo, inú ìbọn kò sì ní í gbọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún un. Bí wọ́n bá yìn ín léraléra, ìdọ̀tí ẹ̀tù á fún ọ̀nà ọta. Bí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná bá sì da ẹ̀tù jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń yìn ín láti ìbàdí, tí wọn kì í gbé e sójú.

Ṣọ́jà tó gba ẹ̀kọ́ dáadáa lè yìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé kíkì rẹ̀ ń gba àkókò, àwọn ọmọ ogun wa máa ń pín ara wọn: àwọn kan á jáde, wọ́n á yìn, wọ́n á sá sẹ́yìn lọ kì í, àwọn mìíràn á rọ́pò wọn.

Èyí ló mú wa dé orí ayẹta, tí wọn kì í jẹ́ kí n jókòó kí wọ́n tó béèrè. Mi ò ní í bá àgbà kankan jiyàn lórí ohun tí bàbá rẹ̀ gbé wọ̀ lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ìbọn fúnra rẹ̀ lè ṣe. Inú ṣakabùlà dán, kò ní ìlà tó ń yí ọta, ọta tí alágbẹ̀dẹ rọ kì í sì í bá ẹnu ìbọn mu, nítorí náà agbára ẹ̀tù ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀tá bá ti ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, kí ọta bà á ku oríire. Bí ẹ̀tù bá tún rin díẹ̀, ọta lè kanni kó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ọta bà tí kò wọlé sí lára ní ìdí láti gba ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ gbọ́, ìgbàgbọ́ yẹn sì mú kó tún jáde lọ́jọ́ kejì. Agbára gidi nìyẹn lójú ogun.

Nígbà náà ni ìbọn mìíràn dé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti Sàró padà wálé, dáwó ra ìbọn Snider fún àwọn ará wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù àti ọta ti wà pọ̀ nínú kátíríìjì kan. Ó lè yìn tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní ìṣẹ́jú kan, a lè dùbúlẹ̀ kì í, ọta rẹ̀ sì ń dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé alágbẹ̀dẹ kò lè rọ kátíríìjì. Bí ọ̀nà bá dí, ìbọn di igi.

Ọ̀nà wo? Ẹ̀yin ará Oǹdó, tiyín ni. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló di ojú ọ̀nà tó ti etí òkun lọ sí Ìbàdàn mú. Ní 1872, Glover, tó jẹ́ aláṣẹ Èkó, ṣètò kí Òde Oǹdó tí ìjà ti tú ká tún dìde, kí ọ̀nà mìíràn lè là: láti Èkó gba orí ọ̀sà dé Atìjẹ̀rẹ́, láti ibẹ̀ dé Òde Oǹdó, kó tó kọjá sí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ọ̀nà ọjà ni wọ́n fẹ́. Kò pé ọdún mẹ́wàá tó fi di ọ̀nà kátíríìjì. Ìbàdàn jẹ ìyà rẹ̀ gan-an. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ní 1885 láìrí òpin ogun.

Ìbéèrè ìkẹyìn: "Bí wọ́n ṣe tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, kí ló tún dá wọn dúró?" Àwọn àlùfáà méjì ló sáré sáàárín, Samuel Johnson lọ bá Ìbàdàn, Charles Phillips tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó lọ bá Èkìtìparapọ̀. Ìwé náà ní kí Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò níbi tó wà. Wọn kò ṣí. Ìlọrin ṣì dó ti Ọ̀fà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn sí ọ̀tá rẹ̀. Ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim, tó ń yìn léraléra fúnra rẹ̀, ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Imágbọn, ọ̀nà Ìjẹ̀bú sì là. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gómìnà Carter gòkè wá láti Èkó, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ sì tú ibùdó wọn ká.