Orúkọ Tó Kù Sórí Yìnyín

Lọ́sàn-án Sátidé kan ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ girama àti àwọn òbí wọn ní Alágbàka, l'Ákùrẹ́. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ooru. Yìnyín tí àwa mọ̀ níbí kò ju èyí tó ń bá òjò já lu páànù lọ, àti èyí tí wọ́n ń gbé jáde nínú fìríìsà l'Ọ́jà Ọba. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń sáré, tó ń fò, tó sì ń jó lórí yìnyín ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa wọn. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo ń wá ohun tí mo lè fi ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń yí ni mo bá eré yìí pàdé, kò sì kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Bàtà wọn ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́, irin náà sì ní etí méjì, ti inú àti ti òde. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá gbára lé etí kan, irin á fa ìlà sórí yìnyín. Ibi ìlà fífà yìí gan-an ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ tẹ̀lé ojú ìlà tí ọwọ́ kì í sì í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ kan ni àwọn wọ̀nyí fi ń fín tiwọn. Wọ́n á ya òbìrí méjì tó so kọ́ra bí òǹkà 8, wọ́n á tún padà tọ ojú ìlà kan náà, àwọn adájọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣe rẹ́gí. Àwòrán wọ̀nyẹn ló fún figure skating lórúkọ. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé 60 nínú 100 máàkì, ìlà fífà ló ni ín. Wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú ìdíje àgbáyé lẹ́yìn 1990.

Ọkùnrin mẹ́rin péré ló dije nígbà tí ìdíje àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní St. Petersburg ní 1896, Gilbert Fuchs ará Jámánì ló sì borí. Ulrich Salchow ará Sweden dé lẹ́yìn rẹ̀, ó gba adé náà nígbà mẹ́wàá láàárín 1901 àti 1911, ó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì ní London ní 1908. Ọmọ ìlú rẹ̀, Gillis Grafström, gba góòlù mẹ́ta tẹ̀léra, 1920, 1924 àti 1928. Karl Schäfer ará Austria gba ti 1932 àti 1936.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ pápá yìnyín níbikíbi lágbàáyé lónìí, ẹ ò ní gbọ́ Grafström tàbí Schäfer lẹ́nu àwọn ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́. Salchow lẹ máa gbọ́, nítorí ní 1909 ó fi etí inú irin ẹsẹ̀ kan gbéra, ó yí lójú òfuurufú, ó sì fi ẹsẹ̀ kejì balẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni fífò náà ń jẹ́ títí dòní. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò ní parun. Alois Lutz kò gba adé àgbáyé rí, síbẹ̀ fífò tó ń jẹ́ Lutz ṣì wà lẹ́nu gbogbo ayé. Werner Rittberger ará Jámánì kò gbà á rí, àwọn ará Jámánì àti Rọ́ṣíà sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe fífò kan di ìsinsìnyí. Adé lọ́nà tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lọ́nà tirẹ̀. Ohun tó gbé mi dìde lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí fífò tó ń jẹ́ Axel, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Axel Paulsen ará Norway ló fò ó ní Vienna ní 1882, nígbà tí kò tíì sí ìdíje àgbáyé rárá. Fífò yìí nìkan ni wọ́n ń kọjú síwájú gbéra fún. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń lọ kí wọ́n tó fo àwọn yòókù, ẹ̀yìn sì ni gbogbo wọn fi ń balẹ̀. Nítorí náà, Axel máa ń fi ìlàjì ìyípo ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní ẹyọ kan, ìyípo kan àtààbọ̀ ni.

Ó di 1948, ní St. Moritz, kí Dick Button ará Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 18, tó yí méjì àtààbọ̀ níbi ìdíje. Ó gba góòlù Òlíḿpíìkì, ó tún gbà á l'Oslo ní 1952, níbi tó ti kọ́kọ́ yí mẹ́ta nínú fífò mìíràn. Jánúárì 2025 ló kú, lẹ́ni ọdún 95. Mẹ́ta àtààbọ̀ dúró de 1978, Vern Taylor ará Kánádà ló ṣe é l'Ottawa. Charles Tickner ló gba adé ọdún yẹn, ṣùgbọ́n Taylor ni mo máa ń dárúkọ fún àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Budapest ní 1988. Brian Boitano ló borí, Kurt Browning ló kọ́kọ́ yí mẹ́rin, nínú fífò mìíràn.

Ìyá kan béèrè níbí pé, "Tíṣà, ṣé ijó ni àbí eré ìdárayá?" Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá John Curry, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò jẹ́ kó kọ́ ijó, ó ní kó lọ kọ́ ti yìnyín torí pé eré ìdárayá ni. Ọmọ náà gbé ijó rẹ̀ lọ sórí yìnyín, ó sì fi gba góòlù ní Innsbruck ní 1976. Ó kú ní 1994, lẹ́ni ọdún 44. Mo dá ìyá náà lóhùn pé méjèèjì ni, àti pé bí fífò bá jẹ ijó tán, ó máa dùn mí.

Yuzuru Hanyu ará Sendai ní Japan ni mo rò pé ó mú méjèèjì pọ̀ jù lọ. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ilẹ̀ ríri ńlá ti 11 Oṣù Kẹta 2011 bá a lórí yìnyín, tó sá jáde tòun ti bàtà onírin lẹ́sẹ̀. Ó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní 2014 àti 2018. Láti ìgbà Button, kò sí ọkùnrin mìíràn tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Kí ló tún kù tó ń wá? Axel mẹ́rin àtààbọ̀ ni. Ó gbìyànjú rẹ̀ ní Beijing ní 2022, ó ṣubú, ó ṣe ipò kẹrin. Nathan Chen ló gba góòlù. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ní Lake Placid, Ilia Malinin, ọmọ ọdún 17, balẹ̀ láìṣubú. 140 ọdún ni láti ọjọ́ Paulsen.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Sà, ṣé ọmọ Nàìjíríà ti ṣe é rí?" Ní Òlíḿpíìkì, rárá. Ṣùgbọ́n ní 2018 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, ní Pyeongchang. Seun Adigun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ orí yìnyín, Simidele Adeagbo sì dojú bolẹ̀ sáré lọ lórí tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ orúkọ méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé àga ọ́fíìsì tó ń yí síwájú. Mo ní kí ọmọkùnrin kan jókòó, mo fún un ní ike omi méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, mo ní kó na apá. Mo yí àga náà jẹ́jẹ́. "Ó yá, kó wọn mọ́ àyà!" Bó ti kó wọn mọ́ra, àga gba eré, ó ń yí bí òkòtó, gbogbo ilé pariwo. Bí wọ́n ṣe ń yí mẹ́rin kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé nìyẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ojú ń yí i, ó sì ní kí n jẹ́ kóun tún un ṣe.