Ara Yìí Náà Ni Yóò Jíǹde

Bíbélì kíkà: 1 Kọ́ríńtì 15:35-54

Ẹ kú ìdìde o, ẹ̀yin ará nínú Kristi. Ní Abẹ́òkúta wa níhìn-ín, bí a bá ń sìnkú, àwọn tó ń dárò a máa sọ pé ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Ìbànújẹ́ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró létí ibojì onígbàgbọ́ ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ojú àlá ni a ó ti pàdé.

Nígbà tí Jésù jíǹde, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rò pé iwin ni àwọn rí. Ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan òun, ó gba ẹja yíyan lọ́wọ́ wọn, ó sì jẹ ẹ́ lójú wọn (Lúùkù 24:36-43). Àpá ìṣó kò kúrò lára rẹ̀. Ara tí wọ́n kàn mọ́gi náà ló jáde láti inú ibojì, ikú kò sì lágbára lórí rẹ̀ mọ́ láéláé.

Irúgbìn ni Pọ́ọ̀lù fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ hú àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn òjò, ẹ ó rí hóró tí ẹ gbìn, ó ti rọ̀, ó ti ń jẹrà, ó sì ṣì so mọ́ ìdí ewé tútù náà. “A gbìn ín ní àìlera, a sì jí i dìde ní agbára.” Ọlọ́run kò ní ju ara yìí nù kó wá òmíràn fi dípò rẹ̀, yóò yí i padà ni.

Àwọn kan ń béèrè bóyá a ó dá ara wa mọ̀. Ní ọdún 1846, nílùú yìí, Àjàyí Crowther tún fojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun àti oko ẹrú ti yà wọ́n. Ọmọ ti di àlùfáà, ìyá ti darúgbó, síbẹ̀ wọ́n mọ ara wọn, wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah. Bí ọjọ́ orí àti ìyà kò bá lè pa ìdánimọ̀ rẹ́, ṣé ọwọ́ Ọlọ́run tó ń sọ ara di ọ̀tun ni yóò pa á rẹ́?

Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, tí ẹ ní láti fọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó lè dìde láàárọ̀ yìí, ẹ má ṣe kẹ́gàn ara náà. Ti Olúwa ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ lo oògùn yín, ẹ má sì fi í fún ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ pé o jí Jésù dìde kúrò nínú òkú. Jẹ́ kí Ẹ̀mí rẹ tó ń gbé inú wa sọ ara kíkú wa di ààyè.

Olúwa, tu gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, má ṣe jẹ́ kí wọ́n sunkún bí aláìnírètí.

Fún àwọn tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní ìwòsàn. Àwọn tó sì ti sùn nínú rẹ, mú wa pàdé wọn lọ́jọ́ tí ìpè ìkẹyìn bá dún, nínú ara tó bá ara ògo rẹ mu. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.