Táígà Ń Tán Nínú Igbó, Ó Ń Pọ̀ Nínú Fáìlì: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Sariska

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹkùn tí à ń kì nílẹ̀ wa, ara rẹ̀ rí tótòtó. Èyí tí mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ilà dúdú ló wà lára rẹ̀. Táígà ni, Éṣíà ni ilé rẹ̀, kò fìgbà kan gbé igbó wa.

Íńdíà ti ṣe òfin ààbò ẹranko igbó láti 1972, wọ́n sì dá ètò ìdáàbòbò táígà sílẹ̀ ní 1973. Òfin náà ní ẹ̀wọ̀n nínú. Síbẹ̀, ní Sariska, igbó ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, nígbà tí wọ́n wá a kiri ní 2005, kò ṣẹ́ ku táígà kan ṣoṣo. Àkọsílẹ̀ ọdún tó ṣáájú ṣì ń sọ pé wọ́n lé ní 15!

Ẹ bá mi dúró síbí díẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń kà wọ́n? Ẹ̀ṣọ́ igbó á rí ojú ẹsẹ̀ nínú eruku, á da àpòpọ̀ funfun sí i, á jókòó tì í títí yóò fi gan, á wá gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ẹsẹ̀ táígà kan náà lórí iyanrìn kì í rí bíi tinú ẹrẹ̀. Ẹyọ kan lè di méjì lórí ìwé. Ọ̀gá wo ló sì fẹ́ kọ ọ́ pé ẹran tí òun ń ṣọ́ dín kù? Ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn nínú igbó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà, ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ọdẹ olè kò sì ní kánjú. Pàkúté irin eléyín ni yóò rì sójú ọ̀nà tí táígà máa ń gbà, yóò fi ewé bò ó. Bó bá ti mú un lẹ́sẹ̀, ọ̀kọ̀ ni wọn yóò kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí awọ má bàa lu. Mo fẹ́ kí ẹ rí i bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí àwọn kan ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ìwé òfin ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ gbọ́ ti Sansar Chand, oníṣòwò awọ ẹranko igbó ní Íńdíà. Ní 1974, wọ́n ká awọ ẹranko 680 mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹjọ́ ń gorí ẹjọ́, ó ń gba bélì, ó ń padà sídìí òwò. Ìgbà tí Sariska ti ṣófo ni wọ́n tó mú un ní Delhi, ní 2005. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun ti ta awọ táígà 470 àti awọ ẹkùn 2,130 fún oníbàárà mẹ́rin péré. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan! Ilé ẹjọ́ tó ń falẹ̀, òun náà ń pa táígà.

Alága ti na ọwọ́ sí aago, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ọjà awọ: ní 2006, Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn àwọn ará Tibet, bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n yé wọ awọ táígà, wọ́n sì dáná sun èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ní ká máa sin táígà bí adìyẹ láti fi tẹ́ ọjà lọ́rùn, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dá ọjà náà sí. Àwọn tó ní iye ti gòkè, láti 1,411 ní 2006 dé 3,682 ní 2022: òótọ́ ni, kámẹ́rà ni wọ́n wá fi ń kà wọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n Panna, igbó táígà mìíràn ní Íńdíà, náà ṣófo ní 2009, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gbọ́ ti Sariska.

Ibí ni ìyá kan ti dìde: "Ọ̀mọ̀wé, tó bá jẹ́ màlúù mi ló pa jẹ ńkọ́?"

Ẹ ṣeun, mà. Ìbéèrè yín yìí ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2008, wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé akọ táígà kan láti Ranthambore, igbó ìjọba mìíràn ní Rajasthan, wá sí Sariska, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè máa mọ ibi tó wà. Ní oṣù kọkànlá 2010, wọ́n bá òkú rẹ̀. Májèlé ni. Àwọn darandaran ń gbé inú igbó náà, ẹran wọn sì ni táígà ń pa jẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé owó tí ìjọba bá san dípò màlúù tí táígà pa, owó ìṣọ́gbó ni. Ó yẹ kó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ìyá, kí òkú màlúù náà tó jẹrà.